Ẹ̀wù Kékeré Hánà: Ẹ̀kọ́ Lórí Ṣíṣọ́ Bí Ọmọ Wa Ti Ń Dàgbà

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 2:18-21, Máàkù 9:14-27

Nínú ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí, a fẹ́ jọ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí a rò pé a mọ̀ tán, nítorí pé a ti bímọ, a ti wo ọmọ, àwọn mìíràn nínú wa sì ti di ìyá àgbà. Ohun náà ni bí a ti ń mọ̀ bóyá ọmọ kékeré ń dàgbà bó ti yẹ, àti ohun tí ó yẹ kí a tètè ṣe bí a bá rí i pé nǹkan kan kù.

Ọdọọdún ni Hánà ń mú ẹ̀wù kékeré lọ fún Sámúẹ́lì ní Ṣílò. Ẹni tó bá ti rán aṣọ fún ọmọ rí mọ̀ pé ẹ̀wù èṣí kì í bá ọmọ mu lọ́dún yìí. Obìnrin náà kò bá ọmọ rẹ̀ gbé mọ́, síbẹ̀ ó ní láti máa fi ọkàn wọ̀n ọ́n: apá rẹ̀ á ti gùn dé ibí, èjìká rẹ̀ á ti fẹ̀ tó báyìí. Wíwọ̀n yẹn ni ẹ̀kọ́ wa.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan kí a tó máa kọ́ ẹlòmíràn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́bìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa máa ń gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sí ìpàdé. Ọmọ náà sanra, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn, kò sì tíì pé ọdún kan tí ó fi ń rìn. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í wẹ̀yìn. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀ tí kò tíì pe "màmá", ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn ìpàdé, ó sì béèrè ohun tí àwa ìyá rí sí i. Kí ni a sọ fún un? Ọ̀kan nínú wa ní bàbá ọmọ náà lè ti pẹ́ kí ó tó fọhùn, kí ó lọ bi ìyá ọkọ rẹ̀. Òmíràn ní ọ̀rọ̀ ló ń kó jọ, pé bí ó bá bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò ní dákẹ́. Òmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá tí wọ́n ń sọ pọ̀ sí i létí ló dàrú mọ́ ọn lójú. A kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdúrà, a sì gbàdúrà. Ilé ìwòsàn tí ó gbé e lọ nítorí ikọ́ náà sọ fún un pé ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó ní kí ó lọ yẹ etí rẹ̀ wò.

Ọmọ náà ti lé ní ọdún mẹ́rin kí olùkọ́ kan ní jẹ́lé-ó-sinmi tó dúró sẹ́yìn rẹ̀, tí ó fi ṣíbí lu àwo, tí gbogbo ọmọ yòókù wẹ̀yìn, tí òun nìkan kò wẹ̀yìn. Àyẹ̀wò ní ọsibítù ńlá fi hàn pé kò gbọ́ràn láti ìgbà tí ó ti wà ní jòjòló. Lónìí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́, ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó sì mọ ìṣirò ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ fún wa kò kúrò lọ́kàn wa títí di òní: "Mo máa ń nà án. Mo rò pé olórí kunkun ni. Mo nà án nítorí pé mo pè é, kò dá mi lóhùn." Àwa ni a ní kí ó dúró.

Kí ló dé tí ìdúró fi burú tó bẹ́ẹ̀? Ẹ fi ọwọ́ kan àwùjẹ ọmọ tuntun. Ọlọ́run fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìdí nítorí pé ọpọlọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì fẹ́ dàgbà. Orí ọmọ tuntun tí oṣù rẹ̀ pé máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 bí a bá fi téèpù wọ̀n ọ́n yí ká. Láàrin ọdún kan péré, yóò fi nǹkan bíi 12 kún un. Ní ọdún kejì, nǹkan bíi 2 ni yóò fi kún un. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà! Ní àkókò tí ọpọlọ ń dàgbà bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń kọ́ bí a ti ń gbọ́, bí a ti ń ríran, bí a ti ń di nǹkan mú. Bí etí kò bá gbé ohùn kankan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, yóò fi ààyè ibẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ etí fi ń lépa pé kí a yẹ etí ọmọ wò kí ó tó pé oṣù kan, kí a mọ òótọ́ ibẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kì í ṣe pé lẹ́yìn ìgbà náà kò sí ìrànlọ́wọ́ mọ́ o. Ó wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i, owó rẹ̀ náà sì pọ̀ sí i.

Kí ni a ó wá máa wò? Ọmọ kò jọ ọmọ, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa fi ọmọ rẹ̀ wé ti aládùúgbò. Àjọ Ìlera Àgbáyé wo àwọn ọmọ tí ara wọn dá ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Gánà tí kò jìnnà sí wa wà lára wọn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Wọ́n rí i pé ọmọ kan lè dá jókòó ní oṣù kẹrin, kí òmíràn tó oṣù kẹsàn-án. Ọmọ kan lè dá rìn ní oṣù kẹjọ, kí òmíràn tó oṣù kẹtàdínlógún, kí ó má sì sí ohun tí ó ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Nítorí náà ààyè wà. Ṣùgbọ́n ààyè náà ní òpin, òpin yẹn ni ó yẹ kí ìyá mọ̀.

Ọmọ oṣù méjì yẹ kí ó máa rẹ́rìn-ín sí ojú ìyá rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ọrùn rẹ̀ yẹ kí ó dúró, kí orí má ṣubú sẹ́yìn mọ́ bí a bá gbé e. Ní oṣù kẹsàn-án, ó yẹ kí ó jókòó láìfara ti nǹkan, kí ó máa ṣe "mamama" tàbí "bababa", kí ó sì wojú ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀. Bí ó bá pé ọdún kan, ẹ retí kí ó máa juwọ́ sí ẹni tó ń lọ. Ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀ yẹ kí ó ti máa rìn, kí ó máa na ìka sí ohun tí ó fẹ́ kí ẹ bá òun wò, kí ó sì ní ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta yàtọ̀ sí màmá àti bàbá. Ọmọ ọdún méjì yẹ kí ó máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: "gbé mi", "omi tán", "bàbá dé". Ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èdè méjì kì í sọ ọmọ di odi, àwa tí a sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọmọ yẹn ṣì í sọ. Bí a bá bí ọmọ kí oṣù rẹ̀ tó pé, ọjọ́ tí ó yẹ kí a bí i ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, títí yóò fi pé ọdún méjì. Ọ̀kan wà tí kò ní ọjọ́ orí: ọmọ tí ó ti ń sọ̀rọ̀ tàbí tí ó ti ń rìn, tí ó wá dákẹ́, tàbí tí kò rìn mọ́. Ẹ má ṣe fi ìyẹn sùn mọ́jú.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í sábà rí nínú ìwé, ṣùgbọ́n tí àwa mọ̀ nítorí pé à ń pọ̀n ọmọ. Ọmọ tí a fẹ́ pọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé là, tí ara rẹ̀ le gbagidi, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń kọ́ ara wọn bíi sísọ́ọ̀sì, kì í ṣe pé ó ń bínú. Ọmọ tí ó rọ̀ bí aṣọ tútù lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń na ọrùn wo ọjà, ẹ wò ó dáadáa. Ìyá àgbà tí ó ń wẹ ọmọ ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ a sọ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá àgbà, bí ọwọ́ yín bá sọ fún yín, ẹ sọ fún ìyá ọmọ. Ẹ má sì sọ ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò dúró sókè lórúkọ ìwẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì. A mọ bí a ti ń lé ọwọ́ òsì kúrò lára ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò tíì yàn lára ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí ó bá ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú nǹkan, tí ó di ìkejì ní ìkúùkù, ọwọ́ kejì yẹn ni kí ẹ gbé lọ fún dókítà wò, kì í ṣe kí ẹ máa lu èyí tí ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ti etí, ẹ má ṣe jẹ́ kí odó tàn yín jẹ. Ìyá yóò sọ pé ọmọ òun gbọ́ràn, nítorí pé bí wọ́n bá ń gún iyán, ó máa ń yíjú. Ilẹ̀ ni ó ń mì, ara ni ọmọ náà sì fi mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ gbá. Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ níbi tí kò ti lè rí òjìji yín, kí ẹlòmíràn wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí kan àwo jẹ́jẹ́, ẹ rún bébà lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ kì í ní oríkì rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́fà yẹ kí ó wá ibi tí ohùn ti wá. Bí kò bá wá a, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà etí ló kàn. Èyí kì í ṣe àyẹ̀wò gidi o. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, ọmọ tuntun pàápàá ṣeé yẹ̀ wò bí ó bá ń sùn. Nítorí náà, bí ọmọ bá wẹ̀yìn ṣùgbọ́n tí ọkàn ìyá kò balẹ̀, kí ó lọ síbẹ̀ náà.

Lára ohun tí ó ń fa àìgbọ́ràn àti ara líle yìí ní ilẹ̀ wa, òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí kò ké nígbà tí a bí i wà níbẹ̀. Ibà pọ́njú tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní jọ́ńdíìsì náà wà níbẹ̀: ẹyinjú ọmọ yóò pọ́n bí ìyeyè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń ní díẹ̀ nínú rẹ̀ tí ó sì ń lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, tàbí tí ó dé àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí kò jẹ́ kí ọmọ mu ọmú mọ́, ó lè wọ inú ọpọlọ kí ó sì ba etí àti iṣan jẹ́ títí ayé. Àwọn ọmọ wà láàrin wa, pàápàá ọmọkùnrin, tí nǹkan kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Òórùn káńfọ̀ tí a jù sínú aṣọ ọmọ láti lé aáyán tó láti ba ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ẹ kó o kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ lónìí. Gbígbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀ kò sì tó. Òótọ́ ni pé àwọn dókítà kan, tí Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà wà lára wọn, ṣe ìwádìí ní Èkó tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, tí ó fi hàn pé oòrùn lè wo ibà yìí. Ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà tí a fi ọ̀rá pàtàkì bò láti sẹ́ ìtànṣán búburú kúrò ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ náà sí, pẹ̀lú ẹni tí ń ṣọ́ wọn. Kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé tiwa yìí. Ọsibítù tí ó ní iná aláwọ̀ búlúù ni kí a gbé ọmọ sáré lọ.

Gìrì náà ńkọ́? Àgbo ìtọ̀ màlúù máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì máa ń dí i ní èémí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àgbo náà ni ó ń ṣe ọpọlọ ní ìbàjẹ́ tí a wá ń di ti gìrì.

Ẹ jẹ́ kí a tún mẹ́nu ba rọpárọsẹ̀. Ní ọdún 2020 ni a kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ inú ìgbẹ́ ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀kán oògùn lẹ́nu ọmọ. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ kò bá rìn lónìí, kí a má ṣe sọ pé a ti mọ ohun tí ó ṣe é. Kí a gbé e lọ.

Nígbà tí bàbá inú ìwé Máàkù gbé ọmọ rẹ̀ wá, Jésù bi í bí ó ti pẹ́ tó tí nǹkan náà ti ń ṣe ọmọ. Bàbá náà mọ ìdáhùn. Ìbéèrè yìí kan náà ni dókítà yóò bi yín, ẹ mú ìdáhùn lọ. Ọjọ́ mélòó ni ẹ fi rọbí? Ṣé ọmọ ké lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n? Oṣù wo ni ó jókòó? Bí ẹ bá ní fóònù tí ó ń ya àwòrán, ẹ ya ọmọ náà nílé bí ó ti ń ṣe, torí pé bí ẹ bá dé iwájú dókítà, kò ní ṣe é.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí ọmọ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ó kéré tán, ẹ ó gbé e lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá, ìkẹrìnlá, ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọn a wọn ọmọ, wọn a gún un ní abẹ́rẹ́, èrò á pọ̀, oòrùn á mú, ẹ ó fẹ́ máa lọ. Ẹ má tíì lọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún nọ́ọ̀sì. Bí ó bá ní kí ẹ ṣe sùúrù, ẹ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé títí di ọjọ́ wo, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sára káàdì. Ní ọjọ́ náà, ẹ padà lọ gba lẹ́tà sí ọsibítù ńlá: UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, ti Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní Ìlọrin. Dókítà ọmọdé, dókítà etí àti àwọn físíò wà níbẹ̀. A mọ̀ pé owó káàdì, owó àyẹ̀wò àti owó ọkọ̀ kò kéré. Èrò tiwa ni pé ẹgbẹ́ tí ó lè ra aṣọ àjọ̀dún lọ́dọọdún lè wá owó ọkọ̀ fún ìyá kan, kí ẹnì kan sì bá a lọ, nítorí pé ọ̀nà náà máa ń jìn fún ẹni tí ó dá nìkan lọ.

Físíò kò ní wo ọmọ sàn ní ọjọ́ kan. Ìyá ni yóò kọ́: bí a ti ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ le, bí a ti ń mú un jókòó sínú páálí tí a gé igun rẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè dúró, bí a ti ń fún un lóúnjẹ ní ìjókòó, kí a má ṣe dà á sí i lẹ́nu ní ìdùbúlẹ̀. Ojoojúmọ́ ni, nígbà ìwẹ̀ àti nígbà oúnjẹ. Ọkọ àti ìyá ọkọ ní láti mọ̀ ọ́n ṣe pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá náà yóò wó. Kí ẹnikẹ́ni má sì pe ọmọ ní ẹ̀mẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má tì í mọ́ yàrá nígbà tí àlejò bá dé. Òfin tí ó lòdì sí fífi ìyà jẹ aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà ti gba ìbuwọ́lù láti oṣù kìíní ọdún 2019.

Ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Ẹ̀yin ará Èkó mọ ilé ẹ̀kọ́ Wesley fún àwọn adití ní Surulere. Ní Ìbàdàn, Andrew Foster ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní ọdún 1960. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni. Àrùn yírùnyírùn ni ó di etí rẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní Gallaudet, ní ọdún 1954.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn-àjò lọ wo ọmọ-ọmọ yín lókè òkun. Ní Ìlú Ọba, nọ́ọ̀sì máa ń wá wo ọmọ, ìwé pupa kan wà tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n sì máa ń yẹ ọmọ wò nígbà tí ó bá súnmọ́ ọdún kan àti nígbà tí ó bá lé ní ọdún méjì. Ní Amẹ́ríkà, láti inú òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1986, òbí fúnra rẹ̀ lè pè láìgba lẹ́tà dókítà, kí wọ́n yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ 45 ni òfin fún wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì jókòó pẹ̀lú òbí. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè ọ̀rọ̀ mélòó tí ọmọ ń sọ, ìyá àgbà, ẹ má ṣe dá ìyá ọmọ lẹ́kun pé kò gbọdọ̀ sọ ibi sí ọmọ rẹ̀. Iye tí ó bá jẹ́ ni kí ẹ sọ. Kò sí èpè nínú iye.

Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, kí gbogbo ìyá tí ó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta mú ọmọ àti káàdì rẹ̀ wá. Àwọn nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ yóò wà ní ìjókòó, a ó sì mú àwo, ṣíbí àti téèpù wá. Ìyá ọmọ tí a sọ ìtàn rẹ̀ ní òun yóò bá wa sọ̀rọ̀. Ọmọ náà yóò bá a wá. Bí ẹ bá fẹ́ kí i, ẹ dúró síwájú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ó lè rí ẹnu yín.